Aago Tó Wà Lọ́dọ̀ Àǹtí

"Aago mi… ọ̀dọ̀ àǹtí mi ló wà."

Ọ̀rọ̀ tí Corentin sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Ẹ̀ṣọ́ ọgbà ìgbafẹ́ Tuileries ń fọn fèrè ìrọ̀lẹ́ pé kí olúkúlùkù máa jáde, ilẹ̀kùn fẹ́ẹ́ tì, ló bá ṣàdédé rí ọmọ náà nídìí àtẹ̀gùn òkúta tó gòkè lọ sétí odò. Orí rẹ̀ ti fọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣófo, kò sí aago níbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kúnlẹ̀ tì í, ó ní, "Ta ló ṣe ọ́ báyìí?" Ọmọ náà ò dárúkọ ẹnì kankan. Aago àti àǹtí ló ń wí. Ó wí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀mí bọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìyẹn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́ tán, ọlọ́pàá ti wá gbé Hyacinthe.

Kò sí ẹni tó ń rìn nínú ọgbà yẹn nírọ̀lẹ́ tí kò mọ Hyacinthe, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Àǹtí la ń pè é. Bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun ni o, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wọ aṣọ fún àwọn òṣèré orí ìtàgé. Nílùú Páríìsì, bí wọ́n bá fẹ́ bú ọkùnrin tó ń fẹ́ràn ọkùnrin, àǹtí ni wọ́n ń pè é. Àwa náà bá gba èébú ọ̀hún lọ́wọ́ wọn, a sọ ọ́ di oyè, a fi jẹ ẹni tó dàgbà jù láàárín wa. Nítorí náà, nígbà tí ọlọ́pàá gbọ́ pé òkú dárúkọ àǹtí, wọn ò wò sọ́tùn-ún, wọn ò wò sósì. Kí n má purọ́, èmi náà ò wò. Àǹtí kan ṣoṣo ni mo mọ̀ nínú ọgbà yẹn.

Ẹlẹ́rìí sì tún wà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pontac lọ bá wọn ní àgọ́, ó ní iṣẹ́ adójútòfò lòun ń ṣe, òun kàn ń gba ọgbà kọjá lọ sílé ni, òun ò tíì dé ibẹ̀ rí. Ó ní òun rí arúgbó onírùngbọ̀n kan lókèèrè tó ń já aago kúrò lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan. Aago góòlù, olókùn dúdú, tí wọ́n fín ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi sí lára. Wọ́n bi onílé Corentin, onílé ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, aago bàbá rẹ̀ tó bá òkun lọ ni. Lójú tiwọn, ẹjọ́ ti parí. Nílùú wa, ẹni tó bá pààyàn kó lè jalè, orí ni ìjọba ń gé.

Aubin lorúkọ mi. Onígbàjámọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ẹnubodè ọgbà náà. Mo fá irùngbọ̀n oníbàárà mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gé méjì nínú wọn lẹ́ẹ̀kẹ́. Wọ́n ń ka ìwé ìròyìn sókè, "Àǹtí Apànìyàn," wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín tipátipá. Nítorí èmi náà wà nínú ọgbà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

*

Màdáámù Delmas ló ń gbé òkè ṣọ́ọ̀bù mi. Opó ni, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ mi lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọpa àwọn ọkọ tó ń dalẹ̀ ìyàwó wọn, àmọ́ gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé bí nǹkan bá sọnù, tàbí bí èèyàn bá sọnù, òun là ń kàn sí. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti wá mu kọ́fí lọ́dọ̀ mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó wo ojú mi.

"Aubin, ìwọ ló kú ni, àbí ọmọ inú ìwé ìròyìn yìí?"

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba Hyacinthe sílẹ̀. Òun kọ́."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé òun kọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu dígí tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Oníbàárà rẹ ni?"

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Oníbàárà nìkan náà ni?"

Àyà mi já. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

"Gbọ́," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ ọkọ olọ́kọ. Mo mọ ojú ẹni tó ń purọ́, mo mọ ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹ̀rù ni tìẹ."

"Mo máa ń lọ síbẹ̀, Màdáámù. Láti gba afẹ́fẹ́."

"Afẹ́fẹ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ló ń gbé agboòrùn lọ gba afẹ́fẹ́ nínú òjò? Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ṣé mo ti bá ẹnì kan sọ ọ́? Jókòó, jàre, kó o tó dákú lé mi lórí."

Mo jókòó, omi bọ́ lójú mi. Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Ó ní, "Àwọn obìnrin ilé ìjọsìn ló rí mi lẹ́nu ọ̀nà wọn nígbà tí mo wà ní ìkókó. N ò mọ ìyá, n ò mọ baba, n ò ní ẹbí kankan lókè eèpẹ̀. Mo mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn má ní ẹni tó máa bá a wí tẹnu rẹ̀. Sọ fún mi, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

Mo bá sọ ọ́. Gbogbo wa ló ń háyà àga irin nínú ọgbà. Orí àtẹ̀gùn ni Àǹtí máa ń jókòó, á fi àga kan jókòó, á tún háyà òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jókòó lé. Bí àga òfìfo yẹn bá kọjú sí ọ̀nà, àlàáfíà ni. Bó bá kẹ̀yìn sí ọ̀nà, ewu ń bẹ, kí oníkálukú bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Iṣẹ́ tí bàbá yẹn fira rẹ̀ sí nìyẹn.

"Nígbà tí mo dé, àga ti kẹ̀yìn sọ́nà," mo ní. "Mo sá padà sílé. Gbogbo wa la sá."

"Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹlẹ́rìí mìíràn," ó ní. Ó dìde, ó ń fi ọwọ́ pa apá méjèèjì.

"Òtútù ń mú yín, Màdáámù. Kóòtù yín dà?"

"Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ló wà. Jẹ́ ká máa lọ."

*

Lọ́yà kan tó jẹ Màdáámù Delmas ní gbèsè oore ló bá wa wọ ẹ̀wọ̀n. Èmi ni mo gbé àpò, bí akọ̀wé rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn irin kọ̀ọ̀kan ṣe ń ti mọ́ wa lẹ́yìn ni mò ń rò pé wọn ò ní jẹ́ kí n padà jáde.

Hyacinthe ti di ìdajì. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, ìfákúfàá, ọgbẹ́ wà lágbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó kọ́kọ́ mirí pé kí n má sọ pé mo mọ òun. Lójú ikú tó wà yẹn, èmi ló ń dáàbò bò.

"Bàbá," ni Màdáámù Delmas sọ, "ẹ yí àga lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kí lẹ rí?"

"Ayédèrú."

"Ta ni Ayédèrú?"

"Ọkùnrin kan tó ń pera rẹ̀ ní ọlọ́pàá. Ó ní káàdì kan lápò tó máa ń nà sójú èèyàn. Á ní, 'Ẹ bá mi ká lọ sí àgọ́, tàbí kí n lọ bá ìyàwó yín, tàbí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́.' Ohun tó bá wà lọ́wọ́ ẹni, á gbà á. Bó bá tán, á tún padà wá. Mo rí i lókèèrè, mo yí àga. Gbogbo wọn tú ká. Corentin nìkan ni kò sá. Ó rí àga, ó wò mí lójú, ó sì ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ti dá àkókò fún. Èmi náà sá lọ, n ò rí ohun tó tẹ̀lé e."

"Ẹ sọ fún ọlọ́pàá?"

"Mo sọ. Wọ́n ní ta ló mọ ọkùnrin náà, kí n mú ẹni tó mọ̀ ọ́n wá." Ó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi. "Mo ní n ò mọ ẹnì kankan."

Mo mọ Ayédèrú. Ó ti gba owó àti òrùka lọ́wọ́ mi rí. Ọkùnrin gíga ni, ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ eérú kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ tútù bí ohùn àlùfáà. Bàbá yìí mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Kò dárúkọ mi.

"Àǹtí tí Corentin dárúkọ ńkọ́?"

"Màdáámù, mo ti rò ó títí. Ọmọ yẹn ò fún mi ní aago rí. N ò tiẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú rí."

Nígbà tí a jáde, Màdáámù Delmas dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń lọ́ sìgá. Ó ní, "Ọmọ agbègbè Brittany létí òkun ni òkú, àbí? Àwọn ará ibẹ̀ pọ̀ ní àdúgbò Montparnasse. Ó lè ní àǹtí gidi, èyí tó bá ìyá rẹ̀ jọ mu ọmú. Jẹ́ ká wá a lọ."

Corentin ní àǹtí gidi lóòótọ́. Alágbàfọ̀ ni obìnrin náà, ọwọ́ rẹ̀ pupa láti inú omi gbígbóná. Nígbà tí a dárúkọ Corentin, kò gbé ojú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló bí i. Ibi tí wọ́n ti rí i yẹn, n ò mọ ohun tó ń wá lọ síbẹ̀."

"Ṣé ó gbé aago kan fún un yín tọ́jú?"

"Aago? Kò tíì wá síbí láti ìgbà Àjíǹde. Mo lé e. Wọ́n sọ nǹkan kan fún mi nípa rẹ̀, mo lé e." Ó fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi pé ọrùn ẹnì kan ni. "Ṣé ó dárúkọ mi kó tó kú ni? Ẹ sọ òtítọ́ fún mi."

Màdáámù Delmas wò mí, mo wo ilẹ̀. Obìnrin náà kẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Lójú ọ̀nà, Màdáámù Delmas ní, "Kì í ṣe àǹtí yìí. Kì í ṣe àǹtí tiyín. Síbẹ̀ ẹni tó ń kú lọ kì í ṣeré. Àǹtí wo ló kù?"

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí a ò bá rí i, wọ́n á gé orí ẹni tó kọ̀ láti dárúkọ mi.

*

Lọ́jọ́ kejì, mo ń pọ́n abẹ, agogo ẹnu ọ̀nà dún. Ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ eérú ni mo kọ́kọ́ rí.

Ó jókòó sórí àga mi bí ẹni tó wà nílé bàbá rẹ̀. Ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Fá a mọ́lẹ̀ dáadáa."

Mo pa ọṣẹ fún un. Ẹ wá wo nǹkan: abẹ wà lọ́wọ́ mi, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wà nísàlẹ̀ abẹ, síbẹ̀ èmi ni mò ń gbọ̀n. Òun la ojú sílẹ̀, ó ń wò mí nínú dígí.

"Mo gbọ́ pé ìwọ àti ìyá òkè yìí ń ṣèbẹ̀wò sẹ́wọ̀n."

Mo ń fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ṣọ́ọ̀bù rẹ dára. Oníbàárà rẹ pọ̀. Àwọn alága ilé ẹjọ́, àwọn oníṣẹ́ ìjọba. Ṣé wọ́n mọ ọwọ́ tó ń kan ojú wọn?"

"Kí lẹ fẹ́?"

"Èmi? N ò fẹ́ nǹkan kan. Mo fẹ́ kó o gbé jẹ́ẹ́, kó o máa fá irùngbọ̀n. Arúgbó yẹn ti gbó, kí ló tún kù tó fẹ́ fayé ṣe? Ìwọ ṣì kéré." Ó na ọwọ́, ó nu ọṣẹ tó kù létí rẹ̀ fúnra rẹ̀. "Mo sì mọ ilé ìyá rẹ ní Tours. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan. Ó máa ń lọ sí ìsìn àárọ̀."

Kò sanwó. Ó rọra ti ilẹ̀kùn bí ọmọlúàbí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín irun tí n kò tíì gbá. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí òkú. Kí ló dé tí kò sá nígbà tó rí àga?

Ibẹ̀ ni Màdáámù Delmas bá mi. Òjò ti pa á wálé, blàósì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, ìbọ̀wọ́, ohùn, ìyá mi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Mo bu kọ́fí fún un.

"Ẹ wá nǹkan fi bora, Màdáámù. Ikú òtútù lẹ ń wá yìí. Ẹ lọ gba kóòtù yín lọ́dọ̀ àǹtí yín, ẹ jọ̀ọ́."

Ife dúró lágbede méjì.

"Kí lo wí?"

"Mo ní kí ẹ lọ gba kóòtù—"

"Lọ́dọ̀ ta ni?"

"Lọ́dọ̀ àǹtí yín, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sọ."

"Aubin. Ta ni àǹtí mi?"

Obìnrin tí wọ́n rí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn, tí kò ní ẹbí lókè eèpẹ̀! Ta ni àǹtí rẹ̀? Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Gbogbo ọmọ Páríìsì ló mọ àǹtí yẹn. Ilé ìdógò ni, níbi tí èèyàn ti ń fi ẹrù rẹ̀ dúró yá owó. Ojú máa ń ti èèyàn láti sọ pé òun gbé aṣọ òun lọ dógò, èèyàn á kàn ní, "Ó wà lọ́dọ̀ àǹtí mi," ẹni tó gbọ́ á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá mi ń sọ ọ́. Ó sọ ọ́ nípa àwọn ṣíbí ìgbéyàwó rẹ̀ títí mo fi dàgbà.

"Yéè!" mo pariwo. "A ya òpè!"

"Kì í ṣe òpè," ni Màdáámù Delmas wí. Ó ti dìde. "Ká ní inú ilé ìtajà búrẹ́dì ni ọmọ yẹn kú sí, ọmọ kékeré ìbá mọ ohun tó ń sọ. Ọgbà ló kú sí. Ọlọ́pàá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, èébú ni wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, orúkọ yín lẹ gbọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí ọmọ náà wí."

*

Aago náà wà níbẹ̀. Akọ̀wé ilé ìdógò mọ Màdáámù Delmas, ó wo orúkọ Corentin fún un. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló gbé e wá, ọjọ́ mẹ́rin kó tó kú. Ó ti gbé owó rẹ̀ lọ, aago sì wà lórí pẹpẹ látìgbà náà.

Ọ̀gá ọlọ́pàá Lestrac ló ń bójú tó ẹjọ́ náà. Ọkùnrin sísanra kan ni, kò burú, ó kàn fẹ́ parí iṣẹ́ ni. Màdáámù Delmas rọ̀ ọ́ títí tó fi ránṣẹ́ gbé aago náà wá, tó sì tún ránṣẹ́ pe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Wọ́n ní kí èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú àpò.

Ẹlẹ́rìí wọlé. Ó bọ́ fìlà, kò bọ́ ìbọ̀wọ́.

Pontac oníṣẹ́ adójútòfò, Ayédèrú ni! Ó rí mi. Ó kí mi pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni tó ń kí onígbàjámọ̀ rẹ̀.

"Ọ̀gá Pontac," ni Màdáámù Delmas bẹ̀rẹ̀, "ẹ ní ẹ rí arúgbó yẹn tó ń já aago lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

"Ojú mi báyìí ni mo fi rí i."

"Aago góòlù, olókùn dúdú, onídákọ̀ró."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọ̀gá Lestrac, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi aago yẹn sọ́wọ́."

Lestrac so ó mọ́wọ́. Ó wò ó. Ó tún wò ó. Ojú aago funfun báláú, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ ju nọ́ńbà lọ.

"Ìdákọ̀ró dà?" ó ní.

"Ẹ bọ́ ọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà, níbi tó ti fara kan awọ ara. Ẹni tó wà lókèèrè, tí ilẹ̀ ń ṣú, ojú wo ló fi rí i? Ọkùnrin yìí ti di aago yẹn mú lọ́wọ́ rí. Ẹ tún gbọ́ èkejì: aago yìí ti wà nílé ìdógò láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò sí arúgbó tó lè já a lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àmọ́ ẹni tó rí i kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí kò mọ̀ pé ó ti kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà, òun ló lè purọ́ bẹ́ẹ̀."

Pontac kò mì.

"Bóyá mo ṣèèṣì," ó ní. "Bóyá ìwé ìròyìn ni mo ti ka ti ìdákọ̀ró. Èèyàn lè ṣì rí nǹkan. Mo ti wí fún un yín pé n ò dé ọgbà yẹn rí ju ọjọ́ yẹn lọ."

Lestrac ń fi ìka lu tábìlì. Ó wo Màdáámù Delmas. "Ṣé ẹ ní ẹni tó rí i níbẹ̀ rí?"

Màdáámù Delmas kò wẹ̀yìn wò mí. Màá máa rántí ìyẹn títí n ó fi kú. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Pontac sọ pẹ̀lú ohùn àlùfáà yẹn, "ẹni tó bá rí mi níbẹ̀, kó dìde. Kó sì sọ ohun tí òun náà ń wá lọ síbẹ̀."

Mo ronú nípa ìyá mi. Mo ronú nípa ṣọ́ọ̀bù, nípa àwọn alága ilé ẹjọ́ tó ń gbé àgbọ̀n sókè fún mi. Mo ronú nípa àgbọ̀n Hyacinthe, ìfákúfàá yẹn, ọgbẹ́ yẹn. Àpò bọ́ lórí itan mi, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti dìde.

"Èmi rí i," mo ní. "Ọ̀pọ̀ ìgbà. Ó ní ọlọ́pàá lòun. Ó gba owó àti òrùka mi. Ó máa ń ní kí á bọ́ aago fún òun, á yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá orúkọ wà níbẹ̀ tó lè fi wá ilé ẹni. Káàdì tó ń fi dẹ́rù bà wá máa ń wà nínú àpò àyà rẹ̀."

"Kí ni ìwọ ń ṣe níbẹ̀?" ni Lestrac bi mí.

Mo ti fẹ́ sọ pé afẹ́fẹ́. Ó ti wà lẹ́nu mi.

"Ọkùnrin ni mò ń wá lọ síbẹ̀, Ọ̀gá."

Akọ̀wé wọn dá kíkọ dúró, ó gbójú sókè. Lestrac na ọwọ́ sí Pontac, kò sọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá méjì di ọkùnrin náà mú, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò àyà rẹ̀, káàdì jáde. Káàdì ayédèrú pọ́ńbélé ni. Ìgbà yẹn ni ohùn àlùfáà yẹn fọ́.

"Yẹ̀yẹ́ ni ọmọ yẹn ń fi mí ṣe!" ó ké. "Owó tó kó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ò tó! Mo ní kó bọ́ aago lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ní ọ̀dọ̀ àǹtí òun ló wà! Mo bi í lẹ́ẹ̀kan, mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, àǹtí, àǹtí! Mo mọ àǹtí tó ń wí, ó ti gbé e fún arúgbó kíkú yẹn pa mọ́! Mo kàn tì í ni!"

"Rárá," ni Màdáámù Delmas sọ. "Ó fi aago dógò kó lè rówó fún ọ. Òtítọ́ ló ń sọ fún ọ."

Mo jókòó padà nítorí ó yé mi. Ẹ̀ṣọ́ bi ọmọ náà pé ta ló ṣe é. Kò gbọ́ ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó tì í ṣubú lu òkúta ló ṣì ń dá lóhùn. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba òun gbọ́, títí ẹ̀mí fi bọ́.

*

Orúkọ mi wọ ìwé ìròyìn, àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù, àti àdúgbò. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí alága ilé ẹjọ́ mọ́, kò sí oníṣẹ́ ìjọba. Ìyá mi kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, n ò tíì lè kà á kọjá ìlà kìíní. Ẹnì kan sọ òkúta lu fèrèsé mi. Àwọn ará ọgbà pàápàá ń gba òdì kejì títì kọjá, n ò bá wọn bínú, ẹ̀rù mi ló ń bà wọ́n báyìí. Mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, mò ń pọ́n abẹ tí kò sẹ́ni tí màá fi fá. Bí ẹsẹ̀ bá dún lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn mi á fò sókè.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ẹsẹ̀ dún, ó dúró. Mo dì mọ́ etí tábìlì. Agogo ẹnu ọ̀nà dún.

Hyacinthe ni, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ àti ọ̀pá. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hù padà, kò dọ́gba. Kò kí mi. Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, òtútù àti ariwo títì wọlé tọ̀ wá wá.

"Àǹtí," mo ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n á rí wa."

Ó wo ṣọ́ọ̀bù òfìfo náà yíká. Àga àwọn oníbàárà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó fọ́, ó kẹ̀yìn sí títì, bí mo ṣe tì í sí nígbà tí mò ń gbá gíláàsì tó fọ́. Bàbá náà fi ọ̀pá ti ara ògiri. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àga náà mú, ó ń mí hẹlẹ, ó sì yí i padà títí ó fi kọjú sí ọ̀nà.

Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó jókòó sórí àga tí mo ti ń fá irùngbọ̀n, ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Bá mi tún irùngbọ̀n mi ṣe, Aubin. Iṣẹ́kíṣẹ́ ni wọ́n ṣe sí i lẹ́wọ̀n."

Mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mú abẹ.